Hàlímọ̀ Onílẹ̀kẹ̀ àti Àlejò Tó Mú Àlejò Wá

Ní Igbó-Ọrà, ẹni tó bá wá ra ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọ tuntun lọ́wọ́ Hàlímọ̀ kì í ra ẹyọ kan. Méjì méjì ni wọ́n ń rà á. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìyá tó ń wá bá a ló bí ìbejì, èyí tí kò sì bí ìbejì á ra méjì bákan náà, á ní òun ń fi èkejì dúró de ìgbà mìíràn. Hàlímọ̀ kì í bá wọn jiyàn. Láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti ń sín ìlẹ̀kẹ̀ fún tọmọdé tàgbà, ó sì ti di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin báyìí láìwọ awò ojú. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń wọ awò kì í gbádùn ẹnu rẹ̀ rárá.

Kí n má parọ́, obìnrin náà gbéra ga díẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbéraga tirẹ̀ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Fi aṣọ di ojú rẹ̀, kó o kó ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́wàá sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, á sọ irú èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fún ọ. Á kọ́kọ́ fi í kan ahọ́n kó lè mọ bó ṣe tutù tó. Á wá fi í kan eyín iwájú kó lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò fi èékánná wá ẹnu ihò rẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá ṣe ni wọ́n fi iná yí i, àbí wọ́n fà á gùn kí wọ́n tó gé e. Ó ní eyín méjì tó kù lókè yẹn, Ọlọ́run dìídì fi wọ́n sílẹ̀ fún iṣẹ́ ni. Àwọn oníṣòwò tó ń kó ìlẹ̀kẹ̀ oníke wá láti Ìbàdàn, tí wọ́n sì ń pè é ní ti àtijọ́, kì í yà sí iwájú ilé rẹ̀ mọ́.

Ìyá bàbá rẹ̀, Rùkáyyàh, ló kọ́ ọ níṣẹ́, òun náà ló sì fi ìlẹ̀kẹ̀ agboolé wọn lé e lọ́wọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ yìí, ẹyọ mọ́kànlélógójì lórí okùn kan, ni gbogbo ọmọbìnrin ilé náà máa ń wọ̀ sọ́rùn lọ́jọ́ yìgì. Á wọ̀ ọ́ láàárọ̀, wọ́n á so yìgì, á sì bọ́ ọ sílẹ̀ kó tó kúrò nílé bàbá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Hàlímọ̀, Sàláúdéènì, tó jẹ́ olórí ẹbí, ló ń tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí, ṣùgbọ́n Hàlímọ̀ nìkan ló ń tún un sín bí okùn bá gbó. Lọ́jọ́ tí Rùkáyyàh gbà pé ọmọ náà ti mọ iṣẹ́, ó yọ ẹyọ kan kúrò lára rẹ̀, ó fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so ó mọ́ ọn lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é fún ẹni tó bá gba iṣẹ́ náà láti ayébáyé. Ẹyọ yẹn ti wà lọ́rùn Hàlímọ̀ láti ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta.

Ọ̀nà mẹ́ta ni Rùkáyyàh pín ìlẹ̀kẹ̀ náà sí. Ó pe àwọn kan ní Onílé. Tí wọ́n bá wà nílẹ̀, àwọ̀ aró ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n tó o bá gbé wọn sójú oòrùn, wọ́n á di àwọ̀ ewé. Ó pe àwọn kejì ní Àlejò. Àwọn yẹn tutù lẹ́nu, ohùn wọn sì mọ́ létí. Ó wá pe àwọn kẹta ní Àlejò Àlejò, ìyẹn àwọn tí àlejò mú wá. Wọ́n dúdú díẹ̀, ara wọn kò sì dán bíi ti ìyókù. Nígbàkúùgbà tí Hàlímọ̀ bá bi ìyá àgbà náà pé ta ni àlejò, ta sì ni àlejò àlejò, á dá a lóhùn pé bí òun náà ṣe gbọ́ ọ nìyẹn, kó jókòó kó máa sín ohun tó ń sín.

Àdúràọlá ló wá tú ọ̀rọ̀ yìí síta. Ọmọ Tíṣà Malachi ti Èrúwà ni, ọkùnrin tó fi ìṣirò da omi sójú ìdajì àwọn ọmọ Ìbàràpá kó tó fẹ̀yìn tì. Àdúràọlá ti di olùkọ́ ní yunifásítì n'Ìbàdàn, gíláàsì àtijọ́ sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó wá tọrọ àyè lọ́wọ́ Sàláúdéènì, ó kúnlẹ̀ kí i, ó jókòó, ó sì ṣàlàyé ohun tó ń wá. Ó ní ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn, àwọn ọba onígbàgbọ́ àti àwọn ọba Mùsùlùmí ń bá ara wọn jagun lórí òkun àti lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò wọn kò jẹ́ kí ìyẹn dí ọjà lọ́wọ́. Wọ́n ń tà fún ara wọn, wọ́n sì ń rà lọ́wọ́ ara wọn. Púpọ̀ nínú ìwé tí wọ́n kọ nígbà náà ti jó, ikán sì ti jẹ òmíràn, ṣùgbọ́n gíláàsì kì í jẹrà. Iyanrìn àti eérú ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn ará ilẹ̀ Mùsùlùmí ń sun koríko tó ń hù létí aṣálẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ apá àríwá ilẹ̀ òyìnbó ń sun igi inú igbó ńlá. Àwọn ará Ifẹ̀ níhìn-ín náà ní èròjà tiwọn. Ẹ̀rọ òun á wo ohun tó wà lára ìlẹ̀kẹ̀ kan, òun á sì lè sọ ibi tó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ́ ọ.

Sàláúdéènì ní kò sí ohun tó burú nínú wíwò. Hàlímọ̀ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan kàn fi ahọ́n kan eyín rẹ̀ méjèèjì. Ó ń rò ó pé kí ló dé tí wọ́n fẹ́ na owó sórí ẹ̀rọ nígbà tí òun wà láàyè.

Ìlẹ̀kẹ̀ agboolé kì í jáde síwájú àlejò láìfọ̀. Òfin Rùkáyyàh nìyẹn. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Àdúràọlá dé, Hàlímọ̀ gba ìlẹ̀kẹ̀ náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tú u kúrò lórí okùn, ó tú tọrùn rẹ̀ náà mọ́ wọn. Ó po eérú igi àyin mọ́ omi, ó sẹ́ ẹ, ó gbé omi eérú náà kaná, ó sì kó gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ sínú rẹ̀. Ó jẹ́ kí wọ́n hó dáadáa, ó sì fi wọ́n síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bó ṣe ń fọ̀ wọ́n kí ìyàwó kọ̀ọ̀kan tó wọ̀ wọ́n nìyẹn, bí ìyá àgbà náà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Nígbà tó kó wọn jáde, wọ́n ń dán gbinrin, ó so tirẹ̀ padà mọ́ ọrùn, inú rẹ̀ sì dùn pé ọmọ tíṣà kò ní rí ìdọ̀tí kankan sọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fọ̀ wọ́n. Ta ni í sọ fún àlejò pé òun wẹ̀ kí òun tó jáde sí i?

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá, gbogbo agboolé péjọ sábẹ́ igi máńgòrò. Àdúràọlá yọ ẹ̀rọ rẹ̀ nínú àpò. Ó jọ èyí tí wọ́n máa ń nà sí wa níwájú orí nígbà Kòrónà, àwọn ọmọdé sì ń sá sẹ́yìn. Kó tó tàn án, Hàlímọ̀ ní kó dúró. Ó tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlẹ̀kẹ̀ kan ahọ́n, kan eyín, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìyára. Nígbà tó ṣe tán, òkìtì mẹ́ta wà nílẹ̀: Onílé mọ́kàndínlógún, Àlejò mẹ́rìnlá, Àlejò Àlejò mẹ́jọ. Ó ní kí ẹ̀rọ náà sọ tirẹ̀ báyìí.

Àdúràọlá kọ orúkọ òkìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé rẹ̀. Ó fi ẹ̀rọ wo ìlẹ̀kẹ̀ náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí oòrùn fi rọlẹ̀, ó sì gbé gbogbo ohun tí ẹ̀rọ kọ lọ sí Ìbàdàn láti lọ tò ó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Hàlímọ̀ fi ń dáhùn ìbéèrè àwọn oníbàárà rẹ̀. Gbogbo wọn ló ń bi í pé kí ni ẹ̀rọ sọ, òun náà sì ń dá wọn lóhùn pé ohun tí òun ti sọ ni yóò sọ.

Kì í ṣe ohun tó sọ nìyẹn. Nígbà tí Àdúràọlá padà dé, kò lè wo ojú Hàlímọ̀. Ó ní ẹ̀rọ kò rí òkìtì mẹ́ta. Òkìtì kan ṣoṣo ló rí. Bákan náà ni gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ náà rí lójú rẹ̀, kò sì sí èyí tó jọ ti Ifẹ̀ tàbí ti ilẹ̀ Mùsùlùmí nínú wọn. Ó ní ó lè jẹ́ pé ibì kan náà ni gbogbo wọn ti wá, ó sì lè jẹ́ pé wọn kò pẹ́ láyé tó bí ẹbí ṣe rò. Ohun tí òun máa kọ sínú ìwé nìyẹn, nítorí òun kò lè kọ ohun tí òun kò rí. Ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ó ń bẹ̀bẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́.

Sàláúdéènì rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kò burú, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnu àbúrò rẹ̀ ti ń sú u. Ó ní àṣé Ìyá Àgbà kàn ń fi ọmọdé ṣeré ni. Yìgì ọmọ ọmọ rẹ̀, Aliyyah, ku oṣù méjì. Ó ní tó bá jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọjà lásán ni wọ́n ti ń gbé pamọ́ láti ọjọ́ yìí, kí wọ́n ra tuntun tó bá aṣọ ọmọ náà mu, kí wọ́n sì pín èyí fún àwọn ọmọdé kí wọ́n máa fi ṣeré.

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Hàlímọ̀ wọra. Tí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé irọ́ ni Rùkáyyàh fi kọ́ ọ níṣẹ́, irọ́ ni òun náà sì ti ń tà láti ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Ìlẹ̀kẹ̀ tí gbogbo ìyàwó ilé yẹn ti wọ̀ á wá di ohun ìṣeré. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Láfún tí wọ́n rò fún un di tútù níwájú rẹ̀. Nígbà tó jáde lọ́jọ́ kejì, ìyá kan tó wá ra ìlẹ̀kẹ̀ ìbejì fi ẹ̀rín bi í pé ṣé kí òun kọ́kọ́ wá ẹ̀rọ kí òun tó sanwó. Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣi iye ìlẹ̀kẹ̀ kà lórí okùn, irú èyí tí kò ṣẹlẹ̀ sí i rí.

Ní ọjọ́ kẹta, ó wé gèlè, ó gun ọ̀kadà dé gáréèjì, ó wọ takisí lọ sí Èrúwà, níbi tí Àdúràọlá yà sí lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ó ti pinnu pé òun á jà. Ó bá Àdúràọlá àti bàbá rẹ̀ níwájú ilé, wọ́n ń jẹ àgbàdo. Tíṣà Malachi dìde fún un, ó fún un ní àga, ó sì wọlé lọ nítorí ó mọ obìnrin tí inú ń bí tó bá rí i. Hàlímọ̀ kò gba omi tí wọ́n gbé wá.

Ó ní, "Ọmọ tíṣà, má sọ ohun tó o rò fún mi. Sọ ohun tí ẹ̀rọ rẹ rí."

Àdúràọlá dáhùn pé, "Eérú igi ni, Màmá. Ó pọ̀ lára gbogbo wọn, ó pọ̀ débi pé ó bo ìyókù mọ́lẹ̀."

Hàlímọ̀ ti la ẹnu láti jà, ó sì pa á dé. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Èékánná rẹ̀ ṣì funfun ní ìdí, bó ṣe máa ń funfun fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn tó bá fọ ìlẹ̀kẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tó ti gbó máa ń ní ihò wẹ́wẹ́ lára, òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ fún oníbàárà nígbà tí kò lóǹkà pé ó máa ń mu omi bíi kàn-ìn-kàn-ìn. Ó bi í pé eérú tí wọ́n fi yọ́ ọ ni ẹ̀rọ rí, àbí eérú èyíkéyìí. Àdúràọlá ní eérú èyíkéyìí ni, ẹ̀rọ kò lè mọ ìyàtọ̀, ara ìlẹ̀kẹ̀ lókè ló sì ń wò, kì í wo inú lọ́hùn-ún.

Hàlímọ̀ ní, "Eérú tèmi lo rí yẹn. Mo sè wọ́n nínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì kó o tó dé."

Àdúràọlá gbé àgbàdo ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ojú tì í gidigidi. Ó ní ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ òun níléèwé pé kí òun máa bi ẹni tó ni nǹkan àtijọ́ ni bóyá ó ti fọ̀ ọ́ àti ohun tó fi fọ̀ ọ́. Ó ní òun rántí rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n báwo ni òun ṣe fẹ́ kúnlẹ̀ níwájú àgbàlagbà, níwájú gbogbo agboolé rẹ̀, kí òun wá bi í pé ṣé ó fọ nǹkan rẹ̀ kó tó gbé e jáde? Hàlímọ̀ gbà pé ká ní ó bi òun bẹ́ẹ̀ ni, òun ì bá lé e lọ. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà Malachi yọjú láti inú ilé láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Hàlímọ̀ wá béèrè omi.

Ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Àdúràọlá ní ẹ̀rọ ńlá kan wà lókè òkun tó lè wo inú ìlẹ̀kẹ̀, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ náà ní láti rìnrìn àjò, ó sì lè pé ọdún kan kó tó dé. Aliyyah kò lè dúró di ìgbà yẹn, Sàláúdéènì kò sì ní gbà. Hàlímọ̀ bi í pé tí òun bá yún ẹnu ihò ìlẹ̀kẹ̀ kan díẹ̀, níbi tí okùn á bò mọ́lẹ̀, tí inú rẹ̀ tí omi eérú kò dé bá hàn síta, ṣé ẹ̀rọ kékeré á rí i. Àdúràọlá ní á rí i, ṣùgbọ́n irin tí òun ní lè fọ́ ọ. Hàlímọ̀ ní ta ló ń sọ̀rọ̀ irin. Òkúta tí Rùkáyyàh fi ń yún ìlẹ̀kẹ̀ wà lábẹ́ ibùsùn òun.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìrun, agboolé tún péjọ sábẹ́ máńgòrò, òkìtì mẹ́ta náà sì wà lórí aṣọ funfun. Hàlímọ̀ kọ́kọ́ sọ fún gbogbo wọn bí òun ṣe fi eérú ba iṣẹ́ ọmọ tíṣà jẹ́. Kò fi ọ̀kankan pamọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò bẹ ẹnikẹ́ni, nítorí bí ìlẹ̀kẹ̀ bá tún máa jáde lọ́la, òun á tún fọ̀ ọ́. Ó wá sọ ohun tó fẹ́ ṣe. Sàláúdéènì kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ìlẹ̀kẹ̀ tó ti pẹ́ tó báyìí á fọ́ lórí òkúta, ẹbí á sì fi òun ṣe ẹlẹ́bi. Hàlímọ̀ rán an létí pé òun náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n pín in fún àwọn ọmọdé. Àwọn obìnrin ilé rọra yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí bàbá má baà rí ẹ̀rín wọn.

Hàlímọ̀ kò dúró de ìdáhùn. Ó tú okùn ọrùn rẹ̀. Ó ní ti òun ni kí òun fi bẹ̀rẹ̀, tó bá bàjẹ́, kò sí ẹni tí òun jẹ̀bi. Ọ̀kan lára Àlejò Àlejò ni ẹyọ náà. Ó wọ́n omi sórí òkúta, ó fi ìka méjì di ìlẹ̀kẹ̀ náà mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yún ẹnu ihò rẹ̀. Ó yún un lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Ìlẹ̀kẹ̀ náà dún kán, ó sì là sí méjì sí i lọ́wọ́.

Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wo ẹ̀là méjèèjì, omijé sì ń ṣàn lójú rẹ̀ níwájú gbogbo wọn, òun tí kò sunkún níta lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀. Ó rántí ọwọ́ Rùkáyyàh lẹ́yìn ọrùn rẹ̀ nígbà tó ń ta okùn náà ní kókó. Àdúràọlá fi ẹ̀rọ wo ojú ibi tó là. Eérú igi ló rí níbẹ̀, nínú lọ́hùn-ún gan-an. Ìyẹn kò ta ko ìpín Rùkáyyàh, ṣùgbọ́n kò tíì gba ẹnikẹ́ni là, nítorí eérú igi náà ni ẹ̀rọ ti sọ láti ọjọ́ kìíní. Tí ìyókù bá rí bẹ́ẹ̀ nínú, Rùkáyyàh purọ́.

Kò sí ẹni tó rò pé wọ́n á tún yún òmíràn. Sàláúdéènì ló dìde. Ó ti ń wo ojú àbúrò rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó rìn dé ibi aṣọ funfun, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ẹyọ kan nínú òkìtì Àlejò, ó fi í sí i lọ́wọ́.

Ó ní, "Yún un, Hàlímọ̀. Tó bá fọ́, èmi ni mo fọ́ ọ."

Lọ́tẹ̀ yìí, kò kánjú. Ó fi omi púpọ̀ sí i, kò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó jẹ́ kí òkúta ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ibì kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ mọ́ kedere létí ihò rẹ̀. Àdúràọlá gbé ẹ̀rọ lé e. Ó wo ohun tó kọ, ó tún gbé e lé e lẹ́ẹ̀kejì, ó sì tún wò ó. Ó ní koríko etí aṣálẹ̀ ni. Wọ́n mú Onílé kan. Hàlímọ̀ yún ìyẹn náà, ẹ̀rọ sì sọ pé kò sí koríko aṣálẹ̀ níbẹ̀, kò sí igi igbó ńlá, èròjà Ifẹ̀ ni. Ìgbà yẹn ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ilé bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, gbogbo wọn sì gbà á.

Mẹ́sàn-án ni wọ́n yún lọ́jọ́ yẹn, mẹ́ta mẹ́ta nínú òkìtì kọ̀ọ̀kan, kò sì sí èyí tó tún fọ́. Mẹ́jọ jáde gẹ́gẹ́ bí Hàlímọ̀ ṣe pín wọn. Ẹ̀kẹsàn-án, tó fi sí àárín àwọn Àlejò, Onílé ni ẹ̀rọ pè é. Hàlímọ̀ gbà á, ó fi kan ahọ́n, ó fi kan eyín, ó ronú. Ó ní ó dára, ẹ̀rọ náà gbọ́n, ọ̀fìnkìn ló ń ṣe òun lọ́jọ́ tí òun pín wọn.

Ìgbà tí ariwo rọlẹ̀ ni Àdúràọlá ṣàlàyé ohun tó ti ń gbé lọ́kàn láti ìgbà tó rí ìlẹ̀kẹ̀ kejì. Ó ní òun ṣì máa yẹ̀ ẹ́ wò sí i kí òun tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ṣùgbọ́n bó ṣe hàn sí òun nìyí. Àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí ló kó Àlejò gba inú aṣálẹ̀ wá, gíláàsì ilẹ̀ wọn ni. Àlejò Àlejò ni wọ́n yọ́ nílẹ̀ àwọn onígbàgbọ́. Nígbà yẹn, kò tíì sí ọkọ̀ ojú omi òyìnbó ní etí òkun wa. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí ìlẹ̀kẹ̀ wọn lè gbà dé ọ̀dọ̀ wa ju pé kí àwọn Mùsùlùmí rà á lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sì kó o mọ́ tiwọn gba ojú ọ̀nà kan náà. Àlejò ló mú u wá lóòótọ́. Ẹni tó sọ wọ́n lórúkọ yìí mọ ohun tó rí, àwọn obìnrin tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ nílé yìí sì ti fi ẹnu gbé e dé òní láìkọ lẹ́tà kan sílẹ̀. Ó ní ohun tí òun fi ọdún mẹ́jọ kàwé láti wá kiri, orí okùn kan ní Igbó-Ọrà ló wà.

Sàláúdéènì na ara rẹ̀ sókè nínú àga. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé Ìyá Àgbà kì í ṣe ènìyàn kékeré. Hàlímọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ nídìí òkúta ti tó o.

Aliyyah wọ ìlẹ̀kẹ̀ náà lọ́jọ́ yìgì rẹ̀, ẹyọ mọ́kànlélógójì pé pérépéré, wọ́n sì ti fi eérú fọ̀ ọ́ kó tó wọ̀ ọ́. Àdúràọlá wá pẹ̀lú bàbá rẹ̀ láti Èrúwà. Ó mú ìwé tó ń kọ lọ́wọ́ wá, ó sì fi han Hàlímọ̀ níbi tó kọ àwọn orúkọ náà sí: Onílé, Àlejò, Àlejò Àlejò, ní èdè Yorùbá, kò túmọ̀ wọn. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Rùkáyyàh ló kọ́ Hàlímọ̀, Hàlímọ̀ ló sì kọ́ òun. Hàlímọ̀ ní kó ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, sókè, kí àwọn ọ̀rẹ́ òun tó ń wọ awò lè gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fẹ́ yọ ẹyọ mìíràn kúrò lára okùn agboolé láti fi dípò èyí tó là lọ́rùn rẹ̀. Ó kọ̀. Ẹ̀là kan nínú èyí tó là ló fi okùn wé, tó sì tún so mọ́ ọrùn. Nígbà tí Àdúràọlá fẹ́ máa lọ, Hàlímọ̀ tú ìdí ìró rẹ̀, ó yọ ẹ̀là kejì, tí òun náà ti wà lórí okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ní kó bẹ̀rẹ̀. Ó so ó mọ́ ọn lọ́rùn láti ẹ̀yìn, bí wọ́n ṣe so ó mọ́ òun náà, ó sì ta á ní kókó méjì.

Ó ní, "Mo mọ̀ pé o ò ní lè béèrè. Mi ò fọ̀ ọ́."